Wọ́n ti so àgbọ̀n ẹ̀ pọ̀, ló bá ní àmàlà lòun fẹ́ jẹ!

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ àgbọ̀n fún èèyàn, tó délé, ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣì ṣe o. Ìdajì tó kù, ọwọ́ ẹni náà àtàwọn ará ilé ẹ̀ ló wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gun ọ̀kadà n'Ìwàrè ló ṣubú lọ́nà Fìdítì, tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹ̀ kán síbi méjì. Ó dé àṣíborí o, ṣùgbọ́n èyí tó bo orí nìkan ni, kò dé àgbọ̀n. Àwọn dókítà fi irin pẹlẹbẹ de eegun náà, wọ́n fi wáyà so eyín òkè mọ́ tìsàlẹ̀, wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó tú u.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni ògì sú u. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan tó jẹ́ mẹkáníìkì mú pílíásì, ó já wáyà náà, ni ọ̀gbẹ́ni bá jókòó ti àmàlà. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ fi wú bíi bọ́ọ̀lù, tí ọyún ń jáde lábẹ́ àgbọ̀n, tí eyín òkè àti tìsàlẹ̀ ò sì pàdé mọ́. Ètè ìsàlẹ̀ tó ti kú láti ọjọ́ tó ti ṣubú náà ò tíì jí. Ni ìyá ẹ̀ bá figbe ta pé ayé ti gba àgbọ̀n ọmọ òun! Ilé wòlíì ni wọ́n ń múra àtigbé e lọ nígbà tí mo dé.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e padà sọ́dọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ abẹ yìí ná."

Dókítà ò bá ayé kankan níbẹ̀. Ó ní eegun tó bá ń mì kì í so pọ̀, pé kòkòrò inú ẹnu sì ti gba ojú ibi tó kán wọlé. Iṣan tó ń gba inú àgbọ̀n kọjá ló fara pa tí ètè fi kú, ó lè tó oṣù mélòó kan kó tó jí, nígbà mìíràn kì í jí tán. Wọ́n tún un ṣe, owó mìíràn tún lọ.

Ẹ fi mílíìkì sí ògì, ẹ lọ ẹja àti ẹ̀wà kúnná, kó máa fi sítírọ́ọ̀ fà á. Kó máa fi omi oníyọ̀ fọ ẹnu, kó jìnnà sí sìgá. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi ń gé wáyà lọ́wọ́ dókítà, kẹ́ ẹ gbé e sí tòsí, torí tí èébì bá fẹ́ fún un lọ́rùn nìkan ni ará ilé lè gé e. Tí ọyún bá yọ, ẹ má dúró. UCH n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957, ní àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n, ibẹ̀ ò sì jìnnà sí wa.

Pílíásì mẹkáníìkì, ọ̀kadà ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa fi tún ṣe.