Bàbá Mi, Orin àti Àwòrán Kò Mú Mi Kúrò Lọ́nà Ìṣègùn

New York,
Oṣù Kẹwàá.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Màámi sọ fún mi lórí fóònù pé ọkàn yín kò balẹ̀, pé ẹ ń béèrè ìdí tí ọmọ tó ní òun ń lọ kọ́ṣẹ́ dókítà fi ń ka ìwé orin àti àwòrán. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín ní Agége tilẹ̀ ti ń sọ pé wọ́n lù mí ní jìbìtì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tí JAMB rẹ̀ bá dára lè wọlé ìṣègùn tààrà, kó lo ọdún 6, kó di dókítà. Níbí, èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba dìgírì ọdún 4 ná, kó tó lọ lo ọdún 4 mìíràn nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Pre-med tí mo ń dárúkọ fún yín kì í ṣe dìgírì rárá. Àwọn kọ́ọ̀sì tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni: báọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, físíìsì, tòun ti iṣẹ́ làbù wọn. Bí mo bá ti ṣe ìwọ̀nyẹn dáadáa, ì báà jẹ́ ìtàn ni mo fi gba dìgírì, wọn yóò yẹ ìwé mi wò.

General Studies ni orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà ní Yunifásítì Columbia. Ọdún 1947 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí àwọn sójà ń ti Ogun Àgbáyé Kejì dé tí wọ́n sì fẹ́ padà sídìí ìwé. Títí dòní, àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rí ló kún ibẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Acme Road ní Ọgbà, ẹnikẹ́ni kò fi bú mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ń ya omi méjì tó ti pò mọ́ra sọ́tọ̀ nínú làbù. Sójà àtijọ́ kan ni wọ́n fi ṣe ìkejì mi, ó sì fẹ́ kí iná ga kíákíá. Mo ní kó rọra, torí bí ooru bá ti pọ̀ jù, méjèèjì á jọ ru jáde, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. A tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n ooru títí ó fi dúró lójú kan, tí omi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó sínú ìgò. Ó bi mí níbi tí mo ti kọ́ sùúrù. Mo ní Ọgbà ni.

Ní ti orin àti àwòrán, ṣe ni a máa ń jókòó tẹ́tí tàbí ká wò ó, ká wá kọ ohun tí a gbọ́ tàbí tí a rí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, Bàbá, n kò ní parọ́ fún yín. Ó sì wúlò. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MCAT, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 472 dé 528, pín sọ́nà 4. Ọ̀kan nínú rẹ̀ kò ní sáyẹ́ǹsì kankan: wọn á fún èèyàn ní àròkọ lórí ọgbọ́n orí, iṣẹ́ ọnà tàbí ìtàn, kó kà á, kó sọ ohun tí òǹkọ̀wé ń rò. Ibẹ̀ làwọn kan tó mọ sáyẹ́ǹsì bí ẹni mowó ti ń kọsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló wá kàn. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta ilẹ̀ Ọ̀tà kó lè wá bá mi kọ́ ìṣègùn níbí. Èmi ní káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà, òun kò ní. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbí kì í gba ẹni tí kò ní in, àwọn mìíràn tó sì ń gbà á lè ní kí ó kó owó ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, wà ní Ìkẹjà lẹ́bàá ilé ìwòsàn LASUTH, dáńfó láti Ọgbà kò sì jìnnà síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi JAMB wá ibẹ̀. Mo bẹ̀ yín, Bàbá, ẹ má ta ilẹ̀ yẹn.

Èmi ni ọmọ yín,
Títílayọ̀