Ìkéde Kò Gbọdọ̀ Sọnù Sínú Orin

Ọ̀rọ̀ rédíò ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Gbogbo wa ní ilẹ̀ Kétu la fẹ́ràn ètò alárinrin tí à ń gbọ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́. Orin wà níbẹ̀, ìlù wà níbẹ̀, àlọ́ àti òwe wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ètò náà ti ń dùn lọ, ó ní ibi tí yóò ti dúró díẹ̀. Ẹ ó gbọ́ orúkọ ilé rédíò náà, ẹ ó gbọ́ iye tí aago lù, ẹ ó sì gbọ́ ìkéde: ẹnì kan kú, ọmọ kan sọnù, abẹ́rẹ́ àjẹsára dé. Lẹ́yìn náà, orin á tún bẹ̀rẹ̀.

Àwa tí à ń gbe orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé ìdádúró yìí kò rọrùn. Ẹnì kan á dá orin, àwa yòókù á gbè é. Bí wọ́n bá gé e nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a, a ti la ẹnu sílẹ̀, kò sì sí ohun tí a ó gbè mọ́. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí ni àjọ UNESCO kéde ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ohun iyebíye fún gbogbo ayé. Kò yẹ kí a já a bí okùn.

Báwo ni a ti ń ṣe é? Kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Olùdarí á kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé: orin kìíní, àlọ́, ìkéde, orin kejì. Á kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ń tọ́jú ẹ̀rọ á gba ìwé kan. Wọ́n á ṣàlàyé fún ẹni tí ń lu ìyá ìlù. Bí ó bá ku ìṣẹ́jú 2, olùdarí á na ìka méjì, nítorí a kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀rọ. Bí ó bá ku 1, á na ìka kan. Onílù á fi ìlù pa orin dé. Bí olùdarí bá di ọwọ́, gbogbo wa á dákẹ́. Bí orin bá gùn jù, a lè sún ìkéde síwájú díẹ̀. A kì í yọ ọ́ kúrò.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ní ilé rédíò kan tí n kò ní dárúkọ, ẹnì kan mú ìkéde òkú wá lálẹ́. Ẹnu ló fi sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìwé. Ètò dùn títí ó fi parí, ìkéde kò jáde. Mùsùlùmí ni olóògbé, wọn kì í sì í pẹ́ sin òkú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Mẹ̀kọ. Ní ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà tó ya Mẹ̀kọ kúrò lára Kétu, ṣùgbọ́n ohùn rédíò kì í tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ oníbodè. Ọmọ náà ń gbọ́ wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ orin. Kò gbọ́ ikú bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó fi dé, wọ́n ti sin ín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ pàtàkì sílẹ̀ fún ẹnu nìkan mọ́. Ẹ kọ ọ́: orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, abúlé rẹ̀, ọjọ́, aago, àti orúkọ ẹni tó rán an. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ kà á sókè fún ẹni tó gbà á. Orin á dùn, ìkéde náà á sì jáde.