Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ń Kọ́ Ọmọ Nítàn: Láti Banjul Dé Erékùṣù Kunta Kinteh

Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá kan wà tó jẹ́ pé kì í ṣe fàájì nìkan ni wọ́n ń bá kiri. Wọ́n máa ń gbé onímọ̀ ìtàn àti onímọ̀ ẹyẹ sínú wọn, wọ́n á sì máa ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn. Owó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ ìdílé wa lọ. Àmọ́ èyí tó kéré wà nítòsí wa níhìn-ín ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọjọ́ kan péré ló sì ń gbà. Ní Banjul, olú ìlú Gámbíà, ló ti ń gbéra, ó ń gba ibi tí odò ti pàdé òkun kọjá lọ sí Albreda, Juffureh àti Erékùṣù Kunta Kinteh. Àwa àti àwọn ọmọ wa ti lọ, ó sì wù wá kí ẹ̀yin náà gbọ́.

Orí òkè Fouta Djallon ní Guinea ni Odò Gámbíà ti ṣẹ̀ wá, ó sì rin ohun tó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà kan lọ kó tó dé òkun. Ní ẹnu odò yìí, omi iyọ̀ àti omi dídùn ti dàpọ̀. Igi mangrove ló tò sí etí rẹ̀, gbòǹgbò wọn nà sínú omi bí ẹsẹ̀ alákàn. Àárín gbòǹgbò yẹn ni ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí títí tí wọ́n á fi dàgbà. Ara rẹ̀ náà ni oyster ń lẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin sì ń fi ọkọ̀ kékeré wá a gé láti tà. Àwọn ọmọ wa ka lékeléke títí ó fi sú wọn. Nígbà tí dọ́lífìnì méjì yọ ẹ̀yìn lókè omi, gbogbo ọkọ̀ pariwo, tọmọdé tàgbà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo etí omi méjèèjì dáadáa. Ní Banjul, àwọn Gẹ̀ẹ́sì to àgbá mẹ́fà síbẹ̀ ní 1816. Ní òdìkejì, ní Barra, wọ́n kọ́ odi Fort Bullen ní 1826. Iṣẹ́ àwọn àgbá wọ̀nyí ni láti dá ọkọ̀ ẹrú dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti wọ inú odò lọ, ẹ óò bá odi mìíràn tó dàgbà ju méjèèjì lọ, tí iṣẹ́ tirẹ̀ yàtọ̀.

Orí Erékùṣù Kunta Kinteh ni odi náà wà. Àwọn ará Courland, ilẹ̀ kan tó wà ní Latvia òde òní, ló kọ́ ọ ní 1651. Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1661, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní James Island. Wúrà àti eyín erin kọjá níbẹ̀, èèyàn náà sì kọjá níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjà, títí Gẹ̀ẹ́sì fi fòfin de òwò ẹrú ní 1807. Juffureh, tó kọjú sí erékùṣù náà, ni Alex Haley sọ nínú ìwé rẹ̀ Roots ní 1976 pé wọ́n ti jí Kunta Kinteh, baba ńlá òun, gbé. Àwọn onímọ̀ ìtàn ti bá a jiyàn lórí ìran náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé wọ́n kó èèyàn gba odò yìí kọjá. UNESCO ka ibẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2003, orúkọ rẹ̀ sì yí padà ní 2011.

Omi ń jẹ erékùṣù náà. Ohun tó kù kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ: ògiri tó ti wó, àgbá tó ti dógùn-ún, àti àwọn igi oṣè. Ìdí nìyí tí a kò fi dúró dìgbà tí àbíkẹ́yìn wa máa dàgbà. Nínú àwa òbí, ẹnì kan ní ọmọ ọdún méje kò tíì tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnì kejì ní ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ sàn ju ẹni tó gbọ́ ọ níta lọ. A fẹnu kò pé a ò ní purọ́, a ò sì ní sọ ohun tí wọn ò bá bi wá.

Ìbéèrè tó dé ni pé, "Ta ló mú wọn wá fún òyìnbó?" A ní dúdú bíi tiwa ni, pé ogun ilẹ̀ Yorùbá pàápàá kó ọmọ Yorùbá sínú ọkọ̀. A sọ ìtàn Samuel Ajayi Crowther fún wọn, ẹni tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ ní 1822 tí wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown.

Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí "ẹ kú" tí wọ́n fi ń kíra wọn, Aku ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Àwọn kan ṣí láti Freetown wá sí Banjul, ọmọ wọn sì wà níbẹ̀ títí dòní. Krio ni wọ́n ń sọ báyìí, ṣùgbọ́n ìkíni wa ló di orúkọ wọn. Wọ́n ṣì ń pe aṣọ ẹbí ní ashobi, àkàrà tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì láàárọ̀ ní Banjul sì ń jẹ́ àkàrà. Àwọn ọmọ wa jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ, oṣù kọkànlá sí oṣù karùn-ún ló dára, òjò kò sí nígbà náà. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, àmọ́ ẹ mú ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njúpọ́ntọ̀ dání. Ẹ mú fìlà àti omi mímu, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì wà lọ́rùn ọmọ kọ̀ọ̀kan kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìrìn wákàtí méjì sí mẹ́ta ni dé Albreda. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá dáhùn.