Ọjà Tí Kì Í Tú

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kírípítò, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba àwọn ọmọ wa lọ́kàn yìí, mo fẹ́ ká jọ sọ ọ́ láìpariwo. Igbe ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ké: "Mi ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nínú ilé yìí!" Ọmọ á ní òun ti gbọ́, á wọ yàrá rẹ̀ lọ, á sì ṣí fóònù. Ibẹ̀ ni ìkìlọ̀ wa máa ń parí sí.

Lójú tèmi, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ ń fa ọ̀pọ̀ ọmọ débẹ̀, kí ojúkòkòrò tó dé. Ẹ̀rù pé ẹgbẹ́ ti lọ, òun nìkan ló kù lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ra fóònù tuntun, ó ní èrè kírípítò ni. Ẹlòmíràn ní owó ilé ẹ̀kọ́ tí òun kó sí i ti di ìlọ́po méjì. Kí ọmọ lè wà níbi tó wà, kó máa wo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń yọ̀, kí ọkàn rẹ̀ má sì dàrú, ẹ̀kọ́ ńlá ni, inú ilé la sì ti ń kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọjà kírípítò fúnra rẹ̀. Ọjà Bódìjà n'Íbàdàn ń tú. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, aláta á palẹ̀ ẹrù mọ́, á ka owó rẹ̀, á lọ sinmi. Ọjà Bitcoin, ọ̀kan lára kírípítò, kì í tú, kò mọ Sọ́ńdè, kò mọ ọdún Iléyá. Ní aago mẹ́ta òru, iye rẹ̀ ṣì ń lọ sókè sódò lójú fóònù, àwọ̀ ewé bó bá gòkè, pupa bó bá já. Ọmọ tó bá ti fowó sí i á fi aṣọ ìbora borí kí ìyá rẹ̀ má bàa rí iná fóònù, á máa wò ó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ nídìí oúnjẹ àárọ̀, ẹ ó mọ̀.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, Bitcoin kan ń lọ ní nǹkan bí dọ́là 69,000. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2022, ó ti já sí nǹkan bí dọ́là 16,000. Àwọn ọmọ á ní ó padà gòkè, pé ó kọjá dọ́là 100,000 ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló lè dúró di ìgbà náà? Ẹni tí kò nílò owó náà ni. Ọmọ tó kó owó ilé tó ń gbé sí i, onílé ò ní í dúró dè é fún ọdún méjì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ohun tí wọ́n ń pè ní leverage. Ọmọ ní ₦50,000. Ilé òwò kírípítò yá a ní ìyókù, wọ́n jẹ́ kó fi ṣòwò ₦1,000,000. Bí iye ọjà bá fi ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún já, ₦50,000 ti lọ pátápátá. Bitcoin sì lè já bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀wà tó jinná lórí iná. Bó bá padà gòkè ní wákàtí kejì, kò kan ọmọ náà mọ́, nítorí wọ́n ti ti òwò rẹ̀ pa. Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó mọ èyí. Ọ̀pọ̀ ló mọ orúkọ rẹ̀, tí wọn ò ṣírò rẹ̀ rí.

Àwọn gbájúẹ̀ náà ti kọ́ èdè ọjà yìí. Ètò kan tó ń jẹ́ CBEX ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn èèyàn ò rí owó wọn gbà mọ́, inú sì bí àwọn kan débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ n'Íbàdàn, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀. Àwọn òbí wà nínú àwọn tó kówó síbẹ̀, bí wọ́n ṣe wà nínú MMM, irú gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀ kan, ní ọdún 2016. Ọmọ tó rí wa níbẹ̀ ò ní í gba ìmọ̀ràn sùúrù lẹ́nu wa.

Mo fẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ o. Ọmọ tó bá àwọn ará òkèèrè ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fi kírípítò USDT san owó iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ṣẹ́ ẹ sí náírà lọ́jọ́ náà, òógùn ojú rẹ̀ ló ń jẹ. Kí á má pa òun àti ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ pọ̀.

Nílé tiwa, òwò tó ń sáré, a kì í fowó sí i lóṣù tí a bá gbọ́ ọ. Èmi àti bàbá wọn náà wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ náà wá á máa kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan lórí tábìlì ìjẹun lálaalẹ́, lójú gbogbo wa, láìná kọ́bọ̀. Wíwò láìrà yẹn ni mo fẹ́ kó mọ́ wọn lára. Ọmọ tó bá sì ní òun ò rà á mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yìn ín bí ẹ ṣe ń yin èyí tó mówó wálé.

Ti ẹni tó ti pàdánù ńkọ́? Ẹ má fi í ṣẹlẹ́yà lójú àwọn àbúrò rẹ̀. Ọmọ tó bá ń sá fún igbe wa á lọ yáwó lórí fóònù láti fi lé owó tó sọnù, èlé á gorí gbèsè. Kó lè wá bá wa lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kó tó lọ yáwó, lohun tí mo ń wá.