Gègé Bàbá Àgbà

Kò sí ọmọ kankan nílé wa ní Òrè tí kò mọ ìtàn gègé yìí. Ní Oṣù Kẹjọ ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé Òrè, bàbá àgbà, tí wọ́n jẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń la pákó, sá wọ inú oko kòkó. Ìwé owó àwọn òṣìṣẹ́ wà lábíyá wọn, gègé wà ní àpò ẹ̀wù. Inú oko yẹn ni wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo ẹni tí owó tọ́ sí, kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni má bàa sọnù. Ọdọọdún ni màmá àgbà máa ń sọ ọ́, tí wọ́n á sì mú gègé náà jáde látinú agolo bísíkíìtì.

Lọ́dún tó kọjá, mo ní kí n fọ̀ ọ́ kó lè kọ̀wé. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ irú gègé onítàdáwà bẹ́ẹ̀. Omi gbígbóná lè bà á jẹ́. Bí tàdáwà gbígbẹ ṣe ń ṣí kúrò, mo rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹnu rẹ̀: PILOT, 18K-750, H474. 750 túmọ̀ sí pé ìdá 750 nínú 1,000 ẹnu náà jẹ́ wúrà. H ni ilé iṣẹ́ tó wà ní Hiratsuka, ní Japan. 4 ni oṣù, 74 ni ọdún. Oṣù Kẹrin, 1974! Ìjà Òrè ti parí tipẹ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Àmọ́ ẹ̀ka wa ti kọ́ mi pé ẹ̀rí kan ṣoṣo kò tó. Wọ́n lè pààrọ̀ ẹnu gègé, nítorí náà mo yẹ ara rẹ̀ wò. Ó kúrú, ìdérí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ara rẹ̀. Tí o bá fi ìdérí sí ìdí rẹ̀ ló tó gùn tó gègé gidi. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni irú rẹ̀ gbòde ní Japan. Ní 1969, Pilot polówó Elite S lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ rárá, tó kàn ń dún bí èdè Japan. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹni tó bá ti ṣe fonọ́lọ́jì yóò mọ ìdí rẹ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ nìyẹn. Mo ti ní mẹ́ta báyìí. Inú ẹrù àlòkù ni mo ti rí méjì. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀: Sailor, 1911, tó ní àmì ìdákọ̀ró, Pilot, 1918, Platinum, 1919. Ike tàdáwà ọ̀kan kì í wọ òmíràn, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Mannenhitsu ni àwọn ará Japan ń pè é: man ni ẹgbàárùn-ún, nen ni ọdún, hitsu ni búrọ́ọ̀ṣì ìkọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ fún màmá? Ta ló tó wí fún àgbà pé ìtàn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀? Oṣù méjì ni mo fi pa á mọ́ra. Nígbà tó yá, mo kúnlẹ̀ tì wọ́n.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni bàbá ti ra gègé yìí?”

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Èkó ni. Ìyá rẹ ti ń lọ sílé ìwé nígbà yẹn.”

“Ti ìgbà ìjà wá ńkọ́?”

“Ó jábọ́ níbi tí a ti ń sá. Ẹ̀yin ọmọ lẹ máa ń bèèrè pé gègé wo. Èyí nìkan ló kù tí mo lè fi hàn yín.”

“Kí ni wọ́n wá fi kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́?”

“Pẹ́ńsùlù. Ó ń kán ṣáá. Èmi ni mo ń fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ fún wọn títí ilẹ̀ fi ṣú.”

Láti kékeré mi ni mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, n kò gbọ́ rí pé màmá wà nínú oko náà. Mo rọ tàdáwà sínú gègé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sì fi kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, pẹ́ńsùlù àti ọ̀bẹ pẹ̀lú.