Ní Ipa Ọ̀nà Sòbìà: Ìrìnàjò Àwọn Olùyọ̀ǹda-Ara-Ẹni sí Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìbàràpá Méje ni wọ́n ń pe àwọn ìlú méje tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Ìbàdàn, ní òdìkejì odò Ògùn, ìyẹn Erúwà, Láńlátẹ̀, Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Àyétẹ̀, Tápà àti Ìgàngàn, ilẹ̀ àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí ti ń ṣe dáadáa, tí abà oko sì pọ̀ káàkiri inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀kọ́ ṣe lè ṣẹ́gun àrùn tí kò ní oògùn, ilẹ̀ yìí ni kí ó gbà lọ, nítorí pé ó wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò ní Nàìjíríà pé kí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni, ìyẹn àwọn tí ń fi àkókò àti agbára wọn sin ìlú láìgba owó oṣù, máa kọ́ àwọn aládùúgbò wọn nípa sòbìà. Ẹgbẹ́ kékeré kan irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó gbéra láti Ìbàdàn ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn láti lọ la àwọn ará abà kan lọ́yẹ̀ lórí omi mímu, kí wọ́n sì bá wọn wá ọ̀nà tí kànga ẹ̀rọ wọn tó ti bàjẹ́ yóò fi di àtúnṣe. Òǹkọ̀wé bá wọn lọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn, ìrìn náà sì ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí.

Láti Ìbàdàn, ọ̀nà gba Ìdó kọjá, ó sì sọdá odò Ògùn kí ó tó wọ ilẹ̀ Erúwà, níbi tí igbó ti ń fàyè sílẹ̀ fún ọ̀dàn, tí àwọn àpáta sì ń yọrí láàárín koríko tí ọyẹ́ ti gbẹ. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi yan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àkókò yìí ni àwọn odò kéékèèké ń gbẹ, tí gbogbo abà tó wà ní sàkání kan ń du ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́kù sínú adágún, ènìyàn àti ẹran ọ̀sìn pa pọ̀, àkókò yìí kan náà sì ni sòbìà máa ń tàn kálẹ̀ jù lọ láyé ọjọ́sí ní apá ibí yìí. Ìyá àgbàlagbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni olórí ẹgbẹ́ náà, ọ̀rọ̀ tí ó sì ń tẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́ létí nínú ọkọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí a bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ sì gbọ́ èsì dópin. Ẹ má fi ẹnu ọ̀mọ̀wé wọlé tọ àgbà."

Sòbìà jẹ́ aràn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun kan tí gígùn abo rẹ̀ lè tó mítà kan, tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní Dracunculus medinensis. Kòkòrò tín-ín-tìn-ín kan tí ń gbé inú omi adágún, tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí, ni ó ń gbé ọmọ aràn náà mì; bí ènìyàn bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ, kòkòrò yóò kú sínú ikùn, ṣùgbọ́n ọmọ aràn yóò là á já, yóò gba inú ẹran ara lọ, yóò sì máa dàgbà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan láìjẹ́ kí ẹni tó gbé e mọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni awọ ara yóò lé ròrò, lọ́pọ̀ ìgbà ní ẹsẹ̀, tí ojú ibẹ̀ yóò máa ta ènìyàn, tí aláìsàn yóò sì ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè rí ìtura. Ìtura yìí gan-an ni aràn náà ń dúró dè, nítorí inú omi ni ó ti ń tu ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ rẹ̀ jáde, kí àwọn kòkòrò inú omi tún lè gbé wọn mì. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un, kò sí oògùn tó ń pa á, ẹni tí ó sì ṣe é lọ́dún yìí tún lè ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí ó wà ni sùúrù, kí a máa fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká aràn náà jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ó má baà já, nítorí bí ó bá já sínú ara, ojú egbò yóò wú, yóò sì kẹ̀. Àgbẹ̀ tí irú èyí bá bá kò lè dìde lọ sóko fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìwádìí kan tí UNICEF lọ́wọ́ sí ní ọdún 1987 láàárín àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà sì fi hàn pé èrè tí wọ́n ń pàdánù lọ́dọọdún nítorí àrùn yìí tó mílíọ̀nù 20 dọ́là.

Nígbà tí kò ti sí oògùn, ìwà ènìyàn létí omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ wá dúró lé lórí: kí a máa sẹ́ omi mímu, kí ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ má sì ṣe wọ inú omi tí ará ìlú ń mu. Èyí ni ó sọ ẹ̀kọ́ di oògùn, tí ó sì sọ olùyọ̀ǹda-ara-ẹni di ẹni tí ètò náà kò lè ṣe aláìní. Ní ọdún 1988 ni Nàìjíríà dá ètò ìparun sòbìà rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Carter Center, àjọ tí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ wá àwọn aláìsàn náà kiri láti abúlé dé abúlé, iye tí wọ́n rí lé ní 650,000, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni ẹni ìkẹyìn ṣe é, ní Ìpínlẹ̀ Enugu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà.

Ní Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì, àwọn arìnrìnàjò náà dúró díẹ̀ láti kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, nítorí láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Ìbàràpá kí wọ́n lè mọ àìsàn ní ibi tí ó ti ń ṣe ènìyàn, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn nìkan. Ìdèrè kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Joshua Adeniyi àti William Brieger, àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìlera ní yunifásítì náà, ti bá àwọn ará ìlú ṣiṣẹ́ lórí sòbìà ní àwọn ọdún 1980, ohun tí wọ́n bá pàdé níbẹ̀ sì yẹ ní fífara balẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé a dá sòbìà mọ́ ènìyàn ni, pé ó wà lára olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí iṣan ṣe wà, tí ó kàn máa ń dìde bí àsìkò rẹ̀ bá tó. Èrò yìí kì í ṣe èrò òmùgọ̀ rárá, nítorí pé aràn náà jọ iṣan lójú, àti pé omi tí ènìyàn mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni ó ń bí egbò tí ó ń rí lónìí. Ta ni yóò fi ọgbọ́n orí lásán so méjèèjì pọ̀? Olùkọ́ tí ó bá dé tí ó ní irọ́ ni gbogbo èyí ti pàdánù àwọn tí ó wá kọ́ kí ó tó la ẹnu. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ní Ìdèrè ni pé wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìlú fúnra wọn, tí àwọn wọ̀nyí sì ń kọ́ ará ilé àti ará àdúgbò. Àwọn télọ̀ ìlú ni ó rán asẹ́ tí wọ́n fi aṣọ náílọ́ọ̀nù ṣe, àwọn olùyọ̀ǹda sì ń tà á ní owó pọ́ọ́kú, tí asẹ́ náà fi di ọjà tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà, tí yóò sì tọ́jú.

Láti Ìdèrè, ọ̀kadà ni ó gbé wọn dé abà tí wọ́n ń lọ, nítorí ọ̀nà náà kò gba mọ́tò. Bàbá kan tí ó ti ṣe olùyọ̀ǹda ní ìgbà sòbìà ni ó gbà wọ́n lálejò. Lẹ́yìn "Ẹ kú ilé o, Bàbá" àti "Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn, ṣé àlàáfíà lẹ dé?", tí omi àti orógbó sì ti lọ yí ká, ìyá nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà náà han àwọn ọmọ. Ó wọlé, ó sì mú asẹ́ àtijọ́ kan jáde, aṣọ náílọ́ọ̀nù róbótó tí wọ́n gbé ìgbátí àǹkárá sí létí, pẹ̀lú okùn ìfà tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ọrùn àmù. Ó bu omi adágún sínú ìgò funfun, ó gbé e sókè kọjú sí oòrùn, ó sì ní kí olúkúlùkù wá wò ó dáadáa. Àwọn ohun kéékèèké kan ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún nínú omi tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó mọ́. Ó wá da omi náà gba ojú asẹ́, ó bu èyí tó jò sísàlẹ̀ sínú ìgò mìíràn, wọn kò sì rí ohunkóhun níbẹ̀ mọ́.

"Ṣé ẹ rí ojú ibi tí òwú pupa yìí wà?" ni ó wí. "Òkè ló gbọ́dọ̀ máa kọjú sí nígbà gbogbo. Ẹni tó bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ohun tó sẹ́ kúrò lánàá ló ń fọ̀ sínú àmù lónìí yẹn."

Ìyàwó ilé kan tí ó ń pọn ọmọ kúnlẹ̀, ó sì béèrè pé, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀yin náà ò mu omi yìí láti kékeré ni, tí ẹ sì dàgbà báyìí?" Bàbá kò dá a lóhùn kíákíá. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, àpá tó wà láti ọrùn ẹsẹ̀ dé abẹ́ orúnkún rẹ̀ kò sì ṣeé fi ẹnu sọ tán; ọdún tí ọ̀kan nínú àwọn sòbìà náà yọ, kò gbin ohunkóhun, ọwọ́ àwọn ẹbí ni wọ́n ti jẹun. Kò sí ìwé ìkọ́ni tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó dà bíi bàbá yìí ni ó ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ìwé ẹ̀rí ọdún 2013 yangàn. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń kọ orúkọ sílẹ̀, wọ́n ń di egbò, wọ́n sì ń sa gbogbo ipá wọn kí wọ́n lè mọ ẹni tí sòbìà ń yọ lára rẹ̀ kí wákàtí 24 tó pé, kí ó má baà dé etí omi. Èrè wọn kò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni ìjọba àti àwọn àjọ kò rántí mọ́ láti ọjọ́ tí ètò náà ti parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí wọn ni ìmọ̀ náà wà, tí wọ́n sì ń dàgbà. Èyí dun ni, ó sì tọ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán, apá kan ẹgbẹ́ náà lọ sí gáà Fúlàní tí wọ́n ń bá abà yìí pín adágún kan náà lò. Ó ṣe pàtàkì, nítorí pé bí gbogbo abà bá ń sẹ́ omi tí gáà kò sì gbọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ọmọbìnrin kan láti gáà, tí ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ni ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Fúlàní fún àwọn ìyá, ó sì fi kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an pé ibi tí màlúù ti ń mu omi yẹ kí ó yàtọ̀ sí ibi tí ènìyàn ti ń pọn.

Ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Bí a bá ti kọ́ ènìyàn tán pé omi adágún léwu, tí kànga ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ọwọ́ fà sì wà níbẹ̀ tí irin rẹ̀ ti jẹ, ohun tí ó kù ni ṣíṣe agbẹnusọ, ìyẹn gbígbé ọ̀rọ̀ àwọn tí ohùn wọn kò délé agbára lọ sí iwájú àwọn tí àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba ológun tẹ́lẹ̀ rí, ṣe irú iṣẹ́ yìí fún sòbìà: ó lọ sí àwọn abúlé tí àrùn náà wà, ó sì ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ kànga fún wọn. Ṣùgbọ́n abà tí kò ní ọ̀gágun gbọ́dọ̀ kọ́ láti sọ tẹnu rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ láti Ìbàdàn fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ náà fúnra rẹ̀, ìyá nọ́ọ̀sì ní rárá, kí àwọn tó ni omi sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ń kà á sókè bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ nípa owó irin. Àwọn obìnrin ní kí wọ́n fi kún un pé àwọn ọmọbìnrin ń pẹ́ dé ilé ìwé ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn nítorí omi tí wọ́n ń lọ pọn, gbólóhùn yìí ni wọ́n sì fi ṣáájú nígbẹ̀yìn. Ẹni tó mọ̀wé fọwọ́ sí i, ẹni tí kò mọ̀wé tẹ ìka.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá náà, ìyàwó ilé tó béèrè ìbéèrè àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ omi kàn, àwọn olùyọ̀ǹda láti Ìbàdàn sì jókòó sẹ́yìn wọn láìsọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó gbà á lù ú ní òǹtẹ̀, ó fún wọn ní ẹ̀dà kan, ó sì béèrè ẹni tí yóò máa bójú tó kànga náà bí wọ́n bá tún un ṣe. Wọ́n ti yan ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, tí yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ irin rẹ̀, abà yóò sì máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ó dá fún wọn pé kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì bọ́ sí ọjọ́ ọjà; ìyàwó ilé náà ní ọjọ́ yẹn kò ní rọ àwọn obìnrin lọ́rùn, òṣìṣẹ́ náà sì sún un sí ọjọ́ kejì ọjà.