Kí ẹ tó ra tósítà fún ẹni tí búrẹ́dì ń bá jà

Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ fi ṣe àríkọ́gbọ́n lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé ìdáná mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní London ló pè mí lórí fóònù pé ọmọ òun fẹ́ wá lo ọlidé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ́dọ̀ mi ní Abúlé Òkúta. Ó ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, ọmọ yẹn kì í jẹ irú búrẹ́dì wa o. Celiac ló ń ṣe é. Mo máa di búrẹ́dì tiẹ̀ fún un, àmọ́ bá mi ra tósítà tiẹ̀ lọ́tọ̀." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ṣebí nọ́ọ̀sì ni mí." Ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, mo ní àkẹ́jù ọmọ ìlú òyìnbó ni.

Mi ò ra tósítà kankan. Èyí tí mo ní nílé, irú èyí tí wọ́n máa ń pa dé mọ́ búrẹ́dì àti ẹyin, ni mo fi aṣọ tútù nù, mo sì ki búrẹ́dì ọmọ náà bọ̀ ọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, inú rẹ̀ wú bí ìlù, ìgbẹ́ gbuuru dé, ó ń bì. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, kò bínú, ohun tó kàn sọ ni pé, "Tósítà ńkọ́?" Mi ò lè dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àìsàn náà díẹ̀. Nínú àlìkámà tí a ń pè ní wíìtì, nínú ọkà báálì àti rye, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò fà bíi rọ́bà, tí búrẹ́dì fi ń wú. Tí ẹni tó ní celiac bá jẹ ẹ́, àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ fúnra wọn ló máa dojú ìjà kọ ìfun kékeré rẹ̀, wọ́n á sì ba ibi tí oúnjẹ ń gbà wọ inú ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ẹlòmíì á máa yàgbẹ́, ẹlòmíì á rù, ẹlòmíì kò ní ju pé ẹ̀jẹ̀ kò tó o lára. Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kéèyàn yàgò fún gluten títí láé ni ìtọ́jú rẹ̀.

Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Karel Dicke, wà lára àwọn tó tú àṣírí yìí. Nígbà ìyàn 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì wọ́n bí ojú, ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn náà ń yá. Ìgbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn padà dé. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àìsàn òyìnbó ni, bí èmi náà ṣe rò. Lọ́dún 1999, àwọn olùwádìí kọ ọ́ sínú ìwé The Lancet pé nínú àwọn ọmọ Saharawi tí wọ́n yẹ̀ wò, níhìn-ín ní ilẹ̀ Áfíríkà wa, ó lé ní 5 nínú 100 tó ní in. Ní Britain, bí ẹnì kan nínú 100 ni.

Ìtìjú ló gbé mi lọ sọ́jà. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wò kí n tó sanwó.

Àkọ́kọ́, mi ò ra tọ́kúnbọ̀. A fẹ́ràn tọ́kúnbọ̀ l'Ékòó, ó sì máa ń dára, àmọ́ èérún búrẹ́dì onílé àkọ́kọ́ ṣì wà nínú tósítà yẹn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè da omi sínú rẹ̀ kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Èyí tó bá tún wá láti Amẹ́ríkà, iná 110 ló ń lò, tiwa sì jẹ́ 220 sí 240. Yóò jóná mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìkejì, mo wá èyí tó ní ihò fífẹ̀. Búrẹ́dì tí kò ní gluten máa ń wúwo, ó sì máa ń rún. Tó bá há, ẹ̀ ń fi ọ̀bẹ yọ ọ́ nìyẹn, iná sì lè gbé èèyàn.

Ìkẹta, mo wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ní àwo pẹlẹbẹ tí a lè fà jáde ká da èérún nù.

Ìkẹrin, mo wá èyí tó ní bọ́tìnì fún búrẹ́dì tó dì. Inú fírísà la ń tọ́jú búrẹ́dì náà sí, torí pé kì í pẹ́ tó fi ń gbẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń yan án kí wọ́n tó jẹ ẹ́.

Ìkarùn-ún, mo wo iye iná tó ń fà. Ọ̀pọ̀ tósítà oníhò méjì ń fà tó wáàtì 700 sí 1000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e dáadáa. Tí kò bá sí iná, páànù mímọ́ tí a kò fi kan búrẹ́dì oníwíìtì rí, lórí gáàsì, láìsí òróró, á ṣe iṣẹ́ náà.

Mo ra á, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àìsàn tún dé! Àfi bíi pé kí n sunkún. Ọmọ náà tó dùbúlẹ̀ sórí àga ló bi mí pé, "Àǹtí, níbo lẹ ti lọ èlùbọ́ tá a jẹ lánàá?"

Mo gbéra, ó di ìdí ẹ̀rọ ládùúgbò. Obìnrin tó wà níwájú mi, wíìtì ló ń lọ. Bí wọ́n ṣe parí tiẹ̀, ọkùnrin tó ni ẹ̀rọ kàn fi ọwọ́ gbá ẹnu ẹ̀rọ, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ gbé tiyín wá." Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Èmi gan-an ni mo máa ń sọ fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà pé kí wọ́n lọ máa lọ wíìtì. Gbogbo àdúgbò ló ń lọ ọ́, èmi sì ń gbé èlùbọ́ ọmọ ẹlẹ́mìí lọ síbẹ̀.

Ẹ ò rí i pé tósítà ńlá gbogbo àdúgbò ni ẹ̀rọ yẹn? Ní 2019, àwọn olùwádìí kan ní Washington ní Amẹ́ríkà yan búrẹ́dì tí kò ní gluten nínú tósítà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì lásán, gluten tí wọ́n bá lára rẹ̀ kò tó mílígírámù 20 nínú kìlógírámù kan, tó jẹ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ oúnjẹ tí kò léwu. Mi ò ní torí ìyẹn sọ pé kẹ́ ẹ pa tósítà pọ̀, torí mo mọ iye èérún tó wà nínú tèmi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kéèyàn má ra tósítà tán kó wá sùn. Ẹ wo agbada tí wọ́n fi ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kí wọ́n tó dín àkàrà sínú òróró kan náà. Ẹ wo kọ̀ǹkọ̀sọ̀, ẹ wo omorogùn tí wọ́n fi ro sẹ̀mó. Àlìkámà ni sẹ̀mó, òun náà ni Indomie. Búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ tí ìjọba ń polongo láyé Ọbásanjọ́, ìyẹ̀fun àlìkámà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ wọn.

Láti ọjọ́ yẹn, iyán, ìrẹsì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń jẹ. Èlùbọ́ rẹ̀, inú odó la ti ń gún un, a fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ tuntun jọ̀ ọ́. Kò tún ṣàìsàn mọ́ títí tó fi wọkọ̀ òfúrufú.

Mo wá ń rántí àwọn ọmọ tínínrín tí ìyá wọn gbé wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan, tí ìgbẹ́ kò dá lára wọn, tí a ń fún ní oògùn aràn léraléra. Bóyá aràn ni lóòótọ́. Àmọ́ mi ò bi ìyá kankan léèrè ohun tí ọmọ ń jẹ láàárọ̀. Ní báyìí, mò ń béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì fura, ẹ lọ bá dókítà fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ má sì tíì jáwọ́ nínú búrẹ́dì kí wọ́n tó ṣe é, torí tẹ́ ẹ bá ti ṣíwọ́, àyẹ̀wò lè má fi hàn.

Tósítà ọmọ náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Mo so aṣọ pupa mọ́ ọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi fẹ́ ki búrẹ́dì tiẹ̀ bọ̀ ọ́, mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi sílẹ̀, ó lólówó." Ọmọ wa ń padà bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.